Ẹni Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Ilé Kòkó

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo kó lọ bá ọmọ mi Fúnmi ní Matteson, ní ẹ̀bá ìlú Chicago. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bàbá àwọn ọmọ mi sì ti lọ sinmi. N kò ní sọ̀rọ̀ físà àti bàálù, nítorí ẹni tó ti rin ìrìn náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì tíì rìn ín yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn tí mo dé ni mo fẹ́ sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Ilé tò lọ rẹrẹ, ṣùgbọ́n èèyàn ò sí lójú títì. Ọkọ̀ a wọlé, ilẹ̀kùn gáréèjì a padé, ó parí nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí aládùúgbò wa kan tó ń gbá ewé. Mo tẹrí ba díẹ̀, mo kí i kú iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí.

"Mọ́mì, wọn kì í kí èèyàn pé ó ń ṣiṣẹ́ níbí," Fúnmi sọ fún mi.

"Kí ni wọ́n wá ń kí i?"

"Wọ́n lè ní 'Háì.'"

"Háì nìkan? Ọkùnrin tó ń làágùn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Lẹ́yìn náà ni òtútù dé, mo sì gbọ́ nǹkan kejì. Bí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná bá ti tan, irin tó gbé afẹ́fẹ́ gba inú ògiri a bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kò, kò, kò. Ìró náà a dá díẹ̀. Kò, kò, kò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo ti dìde kí n tó rántí ibi tí mo wà. Fúnmi bá mi níbi tí mo fi etí lé ògiri.

"Mọ́mì, hítà ni o. Irin ló ń gbóná. Kí lẹ rò pé ó jẹ́ ni?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Òótọ́ kọ́ ni mo sọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti mọ ìró náà.

Ìjókòó lásán kò bá mi lára mu. Nígbà tí káàdì ìgbélùú mi dé, mo gba iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Olympia Fields, tí kò jìnnà sí wa. Ìyá adúláwọ̀ kan, ọmọ Amẹ́ríkà, ni mò ń tọ́jú. Míìsì Loretta ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ti kọjá ọgọ́rin ọdún dáadáa, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ṣì mú. Olùkọ́ lòun náà. Èdè àti ọgbọ́n àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì.

Iṣẹ́ mi ni kí n wẹ̀ ẹ́, kí n se oúnjẹ rẹ̀, kí n fún un ní oògùn lásìkò. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ dùn mí. Èmi tí odindi kíláàsì ń dìde fún bí mo bá wọlé, èmi ni mò ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ Míìsì Loretta obìnrin ń gbé ní Naperville. Bó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ tó ń béèrè pé, "Ṣé obìnrin yẹn ti dé?" Obìnrin yẹn. Kò fi ibi sọ ọ́. Kò kàn mọ orúkọ mi ni.

Míìsì Loretta fúnra rẹ̀ ló béèrè. Mo ní kó máa pè mí ní Mama, bí wọ́n ti ń pè mí ní ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́.

Ó ní, "Ìyá mi ti kú. Kí ni orúkọ tí ìyá tìrẹ sọ ọ́?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó pè é, ó kọsẹ̀. Mo tún un ṣe. Ó tún pè é, ó tún kọsẹ̀. A wà lórí rẹ̀ títí omi tíì rẹ̀ fi tutù. Nígbà tó wá gbé ohùn rẹ̀ sókè, tó sì sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tó yẹ, mo pàtẹ́wọ́ fún un bí ọmọ kíláàsì kejì. Ìṣẹ́gun kékeré ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo rìn lọ sí ibùdókọ̀ bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ.

Nígbà tó gbọ́ pé olùkọ́ ni mí, ó ní kí n máa kàwé fún òun lọ́sàn-án. Àríyànjiyàn àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì nípa àwọn òrìṣà wọn ló fẹ́ràn jù. Ọ̀kan nínú wọn ní bí màlúù bá lè ya àwòrán, òrìṣà tó níwo ni yóò yà. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Òmíràn ní òun kò lè sọ bóyá àwọn òrìṣà wà tàbí wọn kò sí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn, ẹ̀mí èèyàn sì kúrú. Níbẹ̀ ni mo ti pa ìwé náà dé.

"Míìsì Loretta, Kírísítẹ́nì ni mí o."

"Èmi náà ni. Kà á lọ. Kò ní ràn ọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ kan la wá dé orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọ sí kóòtù ní ìlú Áténì. Ó pàdé bàbá arúgbó kan tí wọ́n fi ẹ̀sùn kan pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí. Arúgbó náà bi í pé ta ló fẹ́ pè lẹ́jọ́. Ó ní bàbá òun ni.

Mo pòṣé. "Ọmọ burúkú! Nílẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

"Ọ̀rọ̀ tó dára nìyẹn," Míìsì Loretta sọ. "Ka ìyókù."

Mo ka ìyókù. Bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní alágbàṣe kan lóko. Alágbàṣe yìí mutí yó, ó sì pa ẹrú kan. Bàbá náà dè é tọwọ́tẹsẹ̀, ó jù ú sínú kòtò, ó sì ránṣẹ́ lọ bi àwọn tó mọ òfin òrìṣà pé kí ló yẹ kí òun ṣe sí i. Kí ìránṣẹ́ tó dé, ebi àti òtútù ti pa á nínú ìdè. Ìyẹn ni ọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́ pè é lẹ́jọ́.

Mo gbé ìwé náà sílẹ̀.

"Kí ló dé?" Míìsì Loretta béèrè.

"Ọ̀fun mi gbẹ ni."

Mo lọ dúró sí kíṣìnì. Mo ṣí omi ẹ̀rọ, n kò mu ún.

Èyí ni ohun tí mo rántí. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó sì ni. Ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ará Àgátú, láti máa bá a ṣiṣẹ́ lóko. Ọjọ́ Àìkú ló dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà Sọ́ńdè ni gbogbo ilé ń pè é. Ó máa ń fi ewé kòkó ṣe fìlà fún mi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, àpò kòkó kan dàwátì, ìfura sì bọ́ sórí Sọ́ńdè. Bàbá mi kò lù ú. Kò pe ọlọ́pàá, nítorí ó mọ ohun tí ọlọ́pàá máa ṣe sí àjèjì. Ó ní òun yóò lọ bá ìgbìmọ̀ ìjọ ní ìlú ńlá, kí wọ́n sọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fún òun. Ó ti Sọ́ńdè mọ́ inú ilé kòkó, ilé onípáànù tí a ń kó kòkó gbígbẹ sí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà le lójú ìgbìmọ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kí wọ́n fi ààwẹ̀ kún un, bàbá mi sì sùn síbẹ̀. Oòrùn ń mú páànù gbóná lóko wa. Sọ́ńdè ń kan ilẹ̀kùn: kò, kò, kò. Mo bi ìyá mi pé kí ló ń fẹ́. Ìyá mi ní, "Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ bàbá yín. Ẹ dúró kó dé." Ó mú mi wọ yàrá, ó ti fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Délé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, wà níta. Ìró náà di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó jìnnà síra wọn, ó wá dá.

Nígbà tí bàbá mi dé, ìdáhùn tó mú bọ̀ ni pé kó dárí jì í.

Ẹ má ṣe rò pé ìkà ni bàbá mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé kòkó, ó sunkún bí ọmọdé. Wọ́n sin Sọ́ńdè sí ààlà oko. Wọ́n ní ibà ni. Lẹ́yìn náà bàbá mi kọ́ ilé ìwé fún ìjọ, ó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó ṣoore títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Sọ́ńdè mọ́ nílé wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn nígbà tí a ń jẹun, gbogbo wa la máa ń dáwọ́ dúró.

Àárín ìgbà tí mò ń kàwé yìí ni Bọ̀ọ̀dá Délé pè mí láti ilé. Òun ni olórí ẹbí wa báyìí.

"Àbúrò, ṣé yìnyín ò tíì gbé ẹ mì?"

"Ó kù díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ kú ilé o."

Ó ní ìjọ ti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, orúkọ bàbá wa ni wọ́n fẹ́ fi pè é. Èmi ni kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá, kí n sì fúnra mi kà á lórí fóònù lọ́jọ́ ìṣílé, wọn yóò gbé fóònù náà sí ẹnu makirofóònù.

"Ìwọ lo mọ ìwé kọ nínú wa. Kó dùn o! Kí àwọn ará ìlú mọ irú ẹni tó bí wa. Tìrẹ náà sì ń bẹ nílẹ̀, mi ò gbàgbé. Mo ti fi ẹ̀gbẹ́ Ìyá sílẹ̀ fún ẹ."

Mo ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá kú sí Amẹ́ríkà, kí wọ́n gbé mi wálé, kí n sùn ti ìyá mi. Ẹni tó bá ti dàgbà kó tó rìnrìn àjò yóò mọ ìdí rẹ̀. Èèyàn lè gbé ibikíbi, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò gbé òun sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú bírò. N kò lè kọ ju ìlà mélòó kan lọ kí irin inú ògiri tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òtútù mú jù ni nǹkan yí padà. Míìsì Loretta ń tòògbé, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mo jáde pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé láti da ìdọ̀tí nù. Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn, ó sì tì gbọnin. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú kóòtù mi, kóòtù wà nínú ilé, fóònù náà wà nínú ilé.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn. Mo pe Míìsì Loretta. Afẹ́fẹ́ gba ohùn mi lọ. Kò sí ọkọ̀ níwájú ilé tó wà lápá ọ̀tún, kò sì sí níwájú ti apá òsì. Nígbà tí ìka mi kú tán, mo fi eegun ọwọ́ kàn án. Kò, kò, kò. Mo sì gbọ́ ara mi. Ìró yẹn gan-an ni, bó ti rí lóko wa. Èrò tó wá sọ́kàn mi ni pé ẹni tó wà nínú ilé lè ní ìdí tó dára tí kò fi ní ṣílẹ̀kùn, síbẹ̀ èmi yóò kú.

N kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ilẹ̀kùn ṣí, Míìsì Loretta fara ti irin tó fi ń rìn, ó ń fi ọwọ́ kejì wá mi nínú afẹ́fẹ́.

"Ẹni yòówù kó o jẹ́, wọlé," ó ní.

Ó da aṣọ ìbora rẹ̀ bò mí. Eyín mi ń gbá ara wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí n kò sọ fún ọkọ mi, tí n kò sọ fún Fúnmi. Ó gbọ́ ọ tán.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Sọ́ńdè."

"Ọjọ́ tó dé nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni mo béèrè."

N kò mọ̀ ọ́n. Títí mo fi di ìyá àgbà, kò tíì wá sí mi lọ́kàn pé ó ní òmíràn. Bíi tèmi, tí ọmọ Míìsì Loretta ń pè ní obìnrin yẹn.

Lẹ́yìn èyí la parí ìwé náà. Arúgbó Áténì yẹn bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè pé kí ni ìwà-bí-Ọlọ́run gan-an. Ó ní ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ ni. Arúgbó ní àwọn òrìṣà a máa jà, ohun tí ọ̀kan fẹ́ ni òmíràn kórìíra. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ó dára, ohun tí gbogbo wọn jọ fẹ́ ni. Arúgbó wá béèrè pé: ṣé nítorí pé wọ́n fẹ́ ẹ ni ó fi dára, àbí nítorí pé ó dára ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí, ó yí, ó ní òun ní ibi kan tí òun ń lọ.

"Ìdáhùn dà?" mo béèrè. Olùkọ́ tó ń fẹ́ ìdáhùn tí yóò kọ sára pátákó ni mí.

"Kò sí. Wọ́n pa arúgbó náà lẹ́yìn ìyẹn."

"Ọlọ́run ló ní kí á bọ̀wọ̀ fún bàbá òun ìyá, Míìsì Loretta. Ìdáhùn tèmi nìyẹn."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ó di dandan kí bàbá rẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ èèyàn?"

N kò fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìwé náà títí dòní. Ó dá ara rẹ̀ lójú jù. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló sọ̀rọ̀ alágbàṣe yẹn.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá Délé. "Mo ti kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n mo fi Sọ́ńdè sí i."

"Sọ́ńdè wo?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ mọ Sọ́ńdè wo."

"Ṣé òtútù ti wọ̀ ẹ́ lágbárí ni? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ lọ Amẹ́ríkà, wọ́n ń rí ṣe. Ìwọ lọ ibẹ̀, o lọ ń họ ibojì! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fẹ́ fi júwe rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bó o bá kà á, má wá ilẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kí wọ́n sin ẹ́ sínú yìnyín rẹ!"

Lọ́jọ́ ìṣílé, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Fúnmi ń múra láti lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo ti sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un.

"Mọ́mì, ẹ fò ó jàre. Bàbá àgbà ti kú tipẹ́."

"Òun náà ti kú tipẹ́."

Ó jókòó tì mí pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó di ọwọ́ mi mú. Mo gbọ́ ariwo ìjọ, wọ́n pè mí, mo kà á. Mo ka ilé ìwé tí bàbá kọ́ àti àwọn ọmọ tó tọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo wá ka èyí: "Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá bàbá wa ṣiṣẹ́, ó sì kú nínú ilé kòkó wa, níbi tí a tì í mọ́ nígbà tí a lọ béèrè ohun tí Ọlọ́run fẹ́. Bàbá wa sunkún rẹ̀. Ó wà ní ààlà oko, kò ní àmì. Mo bẹ ìjọ pé kí gbọ̀ngàn yìí rántí òun náà. A kò mọ orúkọ rẹ̀."

Àtẹ́wọ́ náà dá. Mo gbọ́ ẹnìkan tó wúkọ́, mo sì mọ̀ pé ikọ́ Bọ̀ọ̀dá Délé ni. Fóònù gé.

Wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹbí lórí Wasáàpù. Ẹ̀ẹ̀rùn Chicago wá, ó lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi sú mi. Mo ń bọ́ sílẹ̀ ní bọ́ọ̀sì, mo ń rìn kọjá àwọn ilé tí kò sí ẹni níwájú wọn, mo sì ń bi ara mi pé ibo ni wọn yóò gbé mi sí báyìí. Ibi tí mo wà kò mọ̀ mí, ibi tó mọ̀ mí ti tìlẹ̀kùn. Mo máa ń kábàámọ̀ láàárọ̀, n kì í kábàámọ̀ lálẹ́. Bó ti rí nìyẹn.

Nígbà tí òtútù tún bẹ̀rẹ̀, mo wà ní kíṣìnì Míìsì Loretta, mò ń bó ànàmọ́, fóònù dún.

"Àbúrò."

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà—"

"Adóyì ni."

"Ta ni, sà?"

"Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, ìwọ ò rí mi. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n wí fún wọn pé Sọ́ńdè kọ́ lòun ń jẹ́." Ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Arúgbó ni ẹ̀gbọ́n mi. N kò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Mo ti ní kí wọ́n ro ojú oórì rẹ̀. Wọ́n ti gbé òkúta sí i. Orúkọ yẹn ló wà lára rẹ̀."

Ó pa fóònù. Kò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ tèmi. Èmi náà kò tíì béèrè.

Mo sọ orúkọ náà fún Míìsì Loretta. Ó pè é, mo ní kó gbé àárín rẹ̀ sókè díẹ̀. Ó tún pè é. Àwa obìnrin arúgbó méjì jókòó síbẹ̀, a ń pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi yọ̀ lẹ́nu wa. Hítà tan. Irin inú ògiri bẹ̀rẹ̀: kò, kò, kò.

Míìsì Loretta ló dá a lóhùn. "Adóyì, wọlé."

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ̀bẹ̀ olùkọ́ àgbà ni mo fi bẹ̀ yín. Ẹ béèrè orúkọ tí ìyá ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń pè é. Bí ẹ bá sì gbọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ ṣí i ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè ohun tí Ọlọ́run wí.